Ìṣàyẹ̀wò dátà pẹ̀lú skíímà

Ìṣàyẹ̀wò dátà pẹ̀lú skíímà ni iṣẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe láti mọ̀ bóyá dátà tí ó wọlé bá àpèjúwe tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú mu. Àpèjúwe náà ni skíímà. Ó ń sọ orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan, irú ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, yálà ọ̀rọ̀, nọ́ńbà, ọjọ́ tàbí àtòkọ, àti àyè tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ ní òfìfo.

Àjọ W3C fọwọ́ sí XML Schema ní ọdún 2001. JSON Schema ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún dátà JSON; Pydantic, tí ó jáde ní ọdún 2017, wà fún èdè Python. JSON Schema kì í yí dátà padà. Kìkì pé ó bá ìlànà mu tàbí kò bá a mu ni ó ń sọ. Pydantic ní tirẹ̀ a máa yí i padà: bí skíímà bá béèrè nọ́ńbà odidi, tí ẹnìkan sì fi "25" ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà 25, àyàfi bí a bá pàṣẹ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú ìyípadà yìí ni ewu máa ń fara pamọ́ sí. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ díjíìtì 11, òdo ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí ó kọ skíímà bá pè é ní nọ́ńbà odidi, òdo iwájú yóò dànù, yóò ku díjíìtì 10. Ètò náà kò ní kéde àṣìṣe, nítorí ohun tí skíímà béèrè ni ó rí gbà. Ẹnikẹ́ni kì í ro nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí skíímà pè é. Nínú YAML 1.1 pẹ̀lú, bí a bá kọ NO, àmì orílẹ̀-èdè Nọ́wè, láìfi àmì àyọlò sí i, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Skíímà tí ó béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ yóò mú àṣìṣe náà.

Skíímà tí ó le jù náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìlànà bíi ^[A-Za-z]+$ fún orúkọ ènìyàn yóò gba Bola, yóò sì kọ Ṣọlá, bí ẹni pé ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni ó ṣì í kọ. Gígùn ọ̀rọ̀ tún nira láti kà. Lẹ́tà 4 ni ojú rí nínú Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n àmì Unicode ni JSON Schema ń kà. Nítorí pé kò sí àmì kan ṣoṣo tí ó kó Ọ, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀, ó kéré tán 5 ni yóò kà. Bí a bá tú gbogbo àmì náà ká, yóò di 7. Kọ̀ǹpútà a máa ka ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, débi pé ẹnìkan ṣoṣo lè hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ di oríṣi kan, bí èyí tí Unicode ń pè ní NFC, kí a tó kà á tàbí fi í wé òmíràn.