Àmì Ìgbà Èwe àti Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé: Àyẹ̀wò Ẹ̀rí lórí Àjàyí Crowther

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọ̀mọ̀wé láti wá àmì iṣẹ́ wọn lọ sí ìgbà èwe. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ẹni tí ó ti mọ òpin ìtàn ni ó ń ṣa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ. Oríṣi ẹ̀rí méjì ni ó wà lórí ìgbà èwe Samuel Àjàyí Crowther, wọn kò sì wúwo bákan náà.

Èkínní ni ti àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864: pé Ifá ti sọ ní Òṣoògùn pé ọmọ náà kò ní bọ òrìṣà, Ọlọ́run ni yóò sìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ó padà ṣẹlẹ̀ mu jù.

Èkejì ni lẹ́tà tí Crowther fúnra rẹ̀ kọ ní February 1837, nígbà tí kò tí ì sí ẹni tí ó ń pè é ní bíṣọ́ọ̀bù. A mú un lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní April 1822, ó sì dé Sàró. Ó ní láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà òun ti ń ka Májẹ̀mú Titun, a sì fi òun ṣe mọ́nítọ̀, a ń san kọ́bọ̀ méje àti ààbọ̀ fún òun lóṣù. Kò sí àsọtẹ́lẹ̀ níbẹ̀, owó iṣẹ́ ni. Àwọn ọmọ tí a gbà sílẹ̀ pọ̀ ní Sàró, olùkọ́ kò tó. Nítorí náà ẹni tí ó ṣíwájú díẹ̀ ni ó ń kọ́ èyí tí ó wà lẹ́yìn. Ìmọ̀ ọmọ náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n àìtó olùkọ́ ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ká ní òun ni ó mú ṣe títí, ayùn àti òòlù ni àwọn òpìtàn ìbá máa tọ́ka sí.

Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ohun tí ó fi kọ ìwé yìí kò ti ilé ẹ̀kọ́ wá: ó ti tó ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá kí a tó mú un, èdè ìyá rẹ̀ sì ti jókòó sí i lẹ́nu.