Kòkòrò Inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan àti Ẹ̀bi Tó Ń Bò Mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Láàárín àwọn tó ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn jù ni "bug", èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kòkòrò. Bí ètò kan bá ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe, wọ́n á ní kòkòrò wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá àṣìṣe náà láti tún un ṣe, wọ́n á ní àwọn ń yọ kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ fi hàn pé orúkọ tí a bá pe àṣìṣe lè pinnu ẹni tí a ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1878, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì sí láyé, Thomas Edison ọmọ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé kòkòrò ni wọ́n ń pe àwọn àléébù kéékèèké tó máa ń yọjú nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1947 ni pé, ní Yunifásítì Harvard, àwọn òṣìṣẹ́ tú ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mark II wò, wọ́n sì bá àfòpiná kan tó há sínú rẹ̀. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n rí kòkòrò gidi. Àwàdà ni. Bí wọn kò bá ti máa lo ọ̀rọ̀ náà fún àṣìṣe tẹ́lẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Grace Hopper, tó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà, ló tan ìtàn yìí kálẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àfòpiná yẹn wá láti òde; kò sí ẹni tó fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà kì í fò wọlé. Ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́ sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, àjọ NATO pe àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sí Garmisch ní Jámánì, nítorí pé àwọn ètò ńláńlá ń pẹ́ kí wọ́n tó parí, owó wọn ń kọjá ìṣirò, àṣìṣe sì kún inú wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ìpàdé náà ní orúkọ "software engineering", kí ó lè yé gbogbo ayé pé ó yẹ kí ètò kíkọ ní ìlànà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ afárá. Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, wà níbẹ̀. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé pe àṣìṣe ní kòkòrò. Lójú tirẹ̀, kòkòrò jẹ́ ohun tó yọ́ wọlé nígbà tí olùkọ ètò kò wò ó. Àṣìṣe ní tirẹ̀ ní olúwa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ Therac-25, tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fún ènìyàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà, àwọn kan lára wọn sì kú. Ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà onírin tó ń dá iṣẹ́ dúró bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́. Nínú Therac-25, wọ́n fi iṣẹ́ ìdènà náà lé ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Nígbà tí aláìsàn kan ké pé ara òun jó, wọ́n dá a lóhùn pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá pẹ́ jù. Lọ́dún 1999, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò ìṣirò owó Horizon, tí iléeṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Ètò náà máa ń sọ pé owó dín nígbà tí owó kò dín. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin fagi lé òfin tó ní kí ẹni tó bá mú ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wá sílé ẹjọ́ kọ́kọ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ìgbà náà, olùjẹ́jọ́ ló kù fún láti fi hàn pé kọ̀ǹpútà ṣì í ṣe. Báwo ni alábòójútó pósọ́fíìsì abúlé yóò ṣe rí inú ètò tí kì í ṣe tirẹ̀? Títí di ọdún 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n dá lẹ́bi olè, jìbìtì àti ìṣirò èké. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan fi owó ara wọn dí àlàfo tí kò sí, àwọn kan sì kú kí orúkọ wọn tó mọ́.

Nígbà ìwádìí gbangba, ìwé kan jáde tó fi hàn pé lọ́dún 2013, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà wá ọ̀rọ̀ tí kò ní mú ará ìlú gbaná jẹ, tí wọn yóò fi rọ́pò "bug". Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Dijkstra kà sí èyí tó fẹ́lẹ́ jù ṣe wá di èyí tó wúwo jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é ní orúkọ tó ń jẹ́: kòkòrò wà nínú Horizon, àṣìṣe wà níbẹ̀, àbùkù sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2024, òfin tuntun pa ẹ̀bi àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi rẹ́.

Kò sí ètò tí ènìyàn kọ tí kò lè ní àṣìṣe. Ohun tó ba ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ ni pé àwọn tó mọ̀ nípa àṣìṣe náà kò sọ ọ́. Òótọ́ ni pé ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò wà. Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ náà àti ẹni tó ń tà á ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, kí a tó mú ẹni tó rà á.