Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn owó furlough ṣí

Títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìlérí lásán ni owó furlough, owó ìjọba fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa sinmi nílé, ṣì jẹ́ ní Ìlú Ọba. Oṣù kan gééré ló pé lọ́jọ́ náà tí Rishi Sunak, Mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, ti kéde pé ìjọba yóò san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù òṣìṣẹ́ tí àrùn kòrónà sọ di aláìríṣẹ́ṣe, àmọ́ ohun tí ìjọba yóò san kò ní kọjá pọ́ùn 2,500 lóṣù. Ọjọ́ tó kéde rẹ̀ náà ni wọ́n ní kí ilé oúnjẹ, ilé ọtí àti sinimá ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ọ̀gá ń wo owó tó kù ní báńkì, òṣìṣẹ́ ń wo ojú ọ̀gá. Àwọn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn kò dúró wòran: láàárín ọjọ́ 16 sí ìparí oṣù Kẹta, àwọn tó sún mọ́ 950,000 ló béèrè fún Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí kò níṣẹ́ tàbí tí owó rẹ̀ kò tó jẹun.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo ènìyàn ni pé ìkànnì HMRC, iléeṣẹ́ agbowó-orí, yóò dẹnu kọlẹ̀ bí èrò bá ya lù ú. Owó gbígbà ni iṣẹ́ tí ayé mọ̀ mọ́ HMRC. Lọ́jọ́ yìí, owó fífúnni ni wọ́n jókòó tì. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé láti ọdún 2013 ni òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nígbàkígbà tó bá sanwó òṣìṣẹ́. Orúkọ ti wà nílẹ̀, iye owó ti wà nílẹ̀.

Aago mẹ́jọ lù, ìkànnì ṣí.

Ká ní ìyá kan ní ilé oúnjẹ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà, tí ìkòkò rẹ̀ sì ti wà ní dídojúdé láti oṣù tó kọjá. Ohun tí yóò kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìyí: orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Government Gateway (ìkànnì ìjọba), nọ́ńbà PAYE (owó-orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ nínú owó-oṣù) iléeṣẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, nọ́ńbà National Insurance òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí furlough bẹ̀rẹ̀, àti iye tó ń béèrè. Níwọ̀n bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ti tó ọgọ́rùn-ún, yóò máa tẹ̀ wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Alásè tó ń gba pọ́ùn 1,600 yóò gba 1,280. Ẹni tí owó-oṣù rẹ̀ bá kọjá 3,125, orí 2,500 ni tirẹ̀ yóò dúró sí. Ìjọba tún gba owó National Insurance àti owó ìfẹ̀yìntì tó pọn dandan fún agbanisíṣẹ́ lórí owó náà rù. Ṣùgbọ́n alásè kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó kéré tán. Bí oníbàárà bá fóònù pé òun ń fẹ́ ẹ̀fọ́ rírò, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò rò ó. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, nọ́ńbà ìbéèrè kan yóò yọ sójú kọ̀ǹpútà. Kó yáa kọ ọ́ sílẹ̀, torí HMRC kò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ímeèlì kankan jẹ́rìí sí i.

Bí aago mẹ́jọ àbọ̀ ṣe ń lù, Jim Harra, ọ̀gá HMRC nígbà náà, wà lórí rédíò BBC. Ó ní ìbéèrè 67,000 ló ti wọlé. Agbára ìkànnì náà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ, lè gba ìbéèrè 450,000 ní wákàtí kan. Kò dẹnu kọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn èèyàn wa gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí fíísà rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba lè máa rò pé furlough yóò kó bá ìwé òun. Ìlànà HMRC nígbà náà sọ ọ́ kedere: owó furlough kì í ṣe irú owó bẹ́ẹ̀, irú fíísà yòówù kí òṣìṣẹ́ ní, wọ́n lè fi í sí i. Lójú tèmi, ìlà kékeré yẹn ló dára jù nínú gbogbo ìwé ìlànà náà.

Ọ̀sán pọ́n, àwọn tí àkọsílẹ̀ kò mọ̀ sì ń rí bó ṣe máa rí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta, níbi tí wọ́n ti ń sanwó ní ìparí oṣù: gbèdéke ni pé kí orúkọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ HMRC nípasẹ̀ owó-oṣù, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹta; tirẹ̀ ti pẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kejì ni gbèdéke. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kí ìkànnì tó ṣí ni wọ́n sún un, ó yọ àwọn kan, kò yọ ẹni yìí. Ó ní ìwé àdéhùn, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ mú un dúró, síbẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejì tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ló kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́, ọ̀gá ibẹ̀ lè gbà á padà kó sì fi í sí furlough, bó bá wù ú. Òfin kò fi dandan mú un. Ètò tó fi àkọsílẹ̀ ṣe ojú kò lè rí ju àkọsílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn ṣì máa dúró di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún kí tiwọn tó ṣí.

Nírọ̀lẹ́, Sunak jáde síwájú àwọn akọ̀ròyìn. Títí di aago mẹ́rin, ó ní, iléeṣẹ́ tó lé ní 140,000 ló ti béèrè, owó náà yóò sì kan òṣìṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan. Irú ètò yìí kì í ṣe tuntun ní Yúróòpù. Jámánì ń pe tirẹ̀ ní Kurzarbeit, ó sì dáàbò bo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2009. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ Jámánì lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ kí ìjọba san apá kan nínú owó tó pàdánù. Ní Ìlú Ọba, oṣù Keje ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú rẹ̀ láàyè.

Aago méje àbọ̀ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjà epo rọ̀bì Amẹ́ríkà parí sí dọ́là 37.63 nísàlẹ̀ òdo: ẹni tó ní epo ló ń sanwó fún ẹni tó máa bá a gbé e. Ní Nàìjíríà, tó gbára lé owó epo, Èkó, Ògùn àti Abuja ti wà ní títì pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Ẹni tó ń retí owó láti Ìlú Ọba níbẹ̀ mọ ohun tí ìdá 80 owó-oṣù jẹ́.

Nígbà tí aago méjìlá òru fi lù, agbanisíṣẹ́ 185,000 ti wọlé, fún iṣẹ́ mílíọ̀nù 1.3, owó rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù pọ́ùn 1.5. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni HMRC dá fún sísan, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ti àwọn tó ṣíwájú. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ dé kí oṣù tó parí ṣì ní títí di Ọjọ́rú, ọjọ́ 22.