Ọkọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà: Ojú jọ ojú, ṣé irin jọ irin?

Ní ìparí ọdún 2014, níbi àfihàn ọkọ̀ tó wáyé nílùú Guangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ Landwind gbé jíìpù tuntun kan tí wọ́n pè ní X7 síta. Ẹni tó bá dúró lókèèrè wò ó kò ní í mọ̀ pé kì í ṣe Range Rover Evoque ni. Bí òrùlé rẹ̀ ṣe rọra sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn, bí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sí ìdí ọkọ̀, bí iná iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣe rí, gbogbo rẹ̀ ló jọ ti Evoque bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀hún dé ọjà lọ́dún 2015, owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó Evoque lọ. Àwọn mìíràn tó rà á tilẹ̀ lọ wá àmì Land Rover rà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ni wọ́n bá ń fi yan kiri ìgboro.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Jaguar Land Rover, àwọn tó ni Evoque, nínú rárá. Lọ́dún 2016, wọ́n pe ẹjọ́ sí kóòtù kan ní àgbègbè Chaoyang, nílùú Beijing. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà kò gbabẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn aláṣẹ Ṣáínà fagi lé ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti fún wọn lórí ìrísí Evoque, nítorí pé wọ́n ti fi ọkọ̀ náà han aráyé kí wọ́n tó lọ gbàwé. Wọ́n fagi lé ti Landwind náà pẹ̀lú. Ohun tó wá kù fún àwọn agbẹjọ́rò ni òfin tó lòdì sí kí oníṣòwò kan máa bá èkejì figagbága lọ́nà èrú, orí òfin yìí ni wọ́n sì dúró lé. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìdájọ́ wáyé pé ohun márùn-ún tó mú Evoque dá yàtọ̀ láàrin àwọn ọkọ̀ yòókù ni X7 wò kọ. Kóòtù ní kí wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọkọ̀ ọ̀hún ti ń rìn ní títì kí ọjọ́ náà tó kò.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹni tó pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ló rẹ́rìn-ín kúrò ní kóòtù. Lọ́dún 2003 ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàrin Honda, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Jàpáànì, àti Shuanghuan ti Ṣáínà, nítorí jíìpù SR-V tó jọ CR-V ti Honda. Ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi fà á. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2015, Honda tó ń pariwo olè ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ṣáínà ní kó san mílíọ̀nù 16 owó yuan fún Shuanghuan, wọ́n ní lẹ́tà ìkìlọ̀ tí Honda ń kọ kiri sí àwọn tó ń bá wọn ta ọkọ̀ ló ba ọjà wọn jẹ́. Ní ti Chery, tí QQ rẹ̀ jọ Daewoo Matiz bí ìmumu, ìtùnbí-ìnùbí ni òun àti General Motors fi parí tiwọn lọ́dún 2005.

Lẹ́yìn odi Ṣáínà, kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún wọn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008, kóòtù kan nílùú Munich ní wọn kò gbọdọ̀ ta jíìpù CEO ti Shuanghuan nílẹ̀ Jámánì mọ́, torí pé ó jọ BMW X5 jù. Ọdún kan náà ni kóòtù nílùú Turin, lórílẹ̀-èdè Ítálì, sọ pé Peri tí ilé-iṣẹ́ Great Wall ṣe kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí Fiat Panda ni wọ́n wò ṣe é. Fiat gbé ẹjọ́ kan náà dé Ṣáínà, wọ́n sì dà á nù níbẹ̀.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe? Owó àti àkókò ni. Láti ya ìrísí ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n tún un ṣe títí yóò fi gún régé, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà, owó rẹ̀ sì ń lọ bí omi. Ẹni tó bá wo èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣe ti fo ìdajì ọ̀nà. Yàtọ̀ sí èyí, láti ọdún 1994 ni òfin Ṣáínà ti ní ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ máa ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìbílẹ̀ dòwò pọ̀, kó má sì ní ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Ọdún 2022 ni òfin yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ọmọ Ṣáínà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ìyẹn kò wá sọ pé àwọn nìkan ló wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ láyé yìí o. Toyota tí gbogbo ayé ń gbóríyìn fún lónìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó kọ́kọ́ tà lọ́jà, ìyẹn Model AA ti ọdún 1936, ìrísí Airflow tí Chrysler ṣe ní Amẹ́ríkà ló wò ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìrísí ni ojú ń rí. Bí irin abẹ́ rẹ̀ ṣe le tó, ibi tó yẹ kó ti tẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀, ojú kò rí i. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, iwájú rẹ̀ ló yẹ kó run wómúwómú, kó gba agbára ìkọlù náà sára, kí ibi tí àwọn èrò jókòó sí má sì yẹ̀. Bí ibi ìjókòó bá ká lulẹ̀, ẹwà bọ́nẹ́ẹ̀tì kò gba ẹnikẹ́ni là.

Landwind yìí kan náà ló fi èyí han aráyé. Lọ́dún 2005, tí jíìpù rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wọ ọjà Yúróòpù, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ń pè ní ADAC fi eré kìlómítà 64 ní wákàtí kan gbé e kọlu ohun ìdènà. Ibi tí awakọ̀ jókòó sí wó mọ́ ère tí wọ́n fi rọ́pò ènìyàn. Wọ́n ní awakọ̀ gidi kò bá má yè é. Àwọn tó ń kó o wọlé fárí gá, wọ́n ní kìlómítà 56 ni òfin là kalẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí í bá tírélà ṣe àdéhùn eré tí wọ́n yóò fi pàdé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni BS6 ti ilé-iṣẹ́ Brilliance gba ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún. Wọ́n dá a padà, wọ́n fún irin rẹ̀ lágbára, ó sì gba mẹ́ta nígbà tí wọ́n tún un dán wò. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe pé wọn kò lè ṣe é.

Lọ́dún 2013, Qoros 3 di ọkọ̀ Ṣáínà àkọ́kọ́ tí àjọ Euro NCAP fún ní ìràwọ̀ márààrùn-ún. Gert Hildebrand, ọmọ Jámánì tó ti ṣiṣẹ́ fún Mini rí, ló darí iṣẹ́ ìrísí rẹ̀, wọn kò sì wo ti ẹnikẹ́ni kọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọkọ̀ náà kò tà. X7 tó jẹ́ àwòkọ ni àwọn ará Ṣáínà ń dù.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà. Geely ti ra Volvo lọ́wọ́ Ford láti ọdún 2010. BYD, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì ṣíṣe lọ́dún 1995, gba Wolfgang Egger tó ti jẹ́ ọ̀gá ayàwòrán ọkọ̀ ní Audi síṣẹ́. Lọ́dún 2022, Atto 3 ti BYD, àti ọkọ̀ méjì tí Great Wall ṣe, gba ìràwọ̀ márààrùn-ún ní Yúróòpù. Nígbà tó di ọdún 2023, Ṣáínà yọrí ju Jàpáànì lọ nínú kíkó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ibi tó ti kan ilẹ̀ adúláwọ̀ rèé. Great Wall yìí kan náà ti ta píkọ́ọ̀pù kan tó ń jẹ́ Steed 5 ní South Africa. Nígbà tí àjọ Global NCAP dán an wò lọ́dún 2020, òdo ló gbà, kò rí ìràwọ̀ kankan. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Ṣáínà nìkan ni, nítorí píkọ́ọ̀pù NP300 ti Nissan, ilé-iṣẹ́ Jàpáànì, ti gba òdo bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2018. Ohun tí òfin ilẹ̀ kan bá gbà láyè ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kó lọ síbẹ̀.

Ní Èkó, ọkọ̀ GAC ti Ṣáínà ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ takisí Lagride lọ́dún 2022, àwọn ọkọ̀ Ṣáínà mìíràn náà sì ń pọ̀ sí i ní títì. Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá irú èyí tí wọ́n kó wá sílé gan-an ni wọ́n dán wò, lọ́dún wo àti nílẹ̀ wo, àti iye àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, nítorí orúkọ kan náà lè wà lára ọkọ̀ méjì tí inú wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá sì ní tòkunbọ̀ Toyota tẹ́ òun lọ́rùn, kí ó jẹ́ kí mẹkáníìkì bá òun tú ìdí sítíárì wò, nítorí àìmọye tòkunbọ̀ ló ti ní ìjàm̀bá rí lókè òkun, tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bẹ́, tí wọ́n kàn fi ọ̀dà àti ìdérí tuntun bo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí omi.