Táyà Òtútù Lórí Òkè Jos

Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, ọyẹ́ ibẹ̀ a sì máa mú kí àlejò láti Ìbàdàn tètè wá aṣọ òtútù rà. Nítorí náà ó rọrùn láti rò pé bí ibì kan bá wà ní Nàìjíríà tó yẹ táyà ìgbà òtútù, irú èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń lò nígbà òjò dídì, Jos ni, pàápàá fún bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí. Èrò tèmi ni pé ìtàn ìrìnnà lórí òkè náà tako èyí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrẹ̀ àti ooru ìsàlẹ̀ òkè ni ọkọ̀ Jos ti ń bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Táyà òtútù kò tilẹ̀ torí ojú ọjọ́ Jos dé ọ̀dọ̀ wa. Ikú ilé iṣẹ́ táyà tiwa ló ṣílẹ̀kùn fún un, òfin ìlú òkèèrè ló sì tì í wọlé.

Tánganran ló sọ Jos di ìlú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti ń yọ́ ọ kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n ìwakùsà Niger Company ní agbègbè Naraguta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ló kó èrò jọ síbẹ̀. Orí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ru ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀ dé Loko létí odò Benue, ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní 1914 ni reluwé kékeré láti Zaria dé Bukuru. Àlàfo ojú irin rẹ̀ kò ju 762 mìlímítà lọ. Nígbà tó di 1927, reluwé ńlá láti Port Harcourt gba Kafanchan gòkè wá. Ojú irin yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ pàápàá, fìdí múlẹ̀ ní Jos. Ṣùgbọ́n reluwé kì í dé ojú kùsà tàbí oko, lọ́rì ló ń parí iṣẹ́ náà, lórí ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀ nígbà òjò. Lẹ́yìn náà ni Jàpáànì gba Málàyà ní 1942, tí tánganran àti rọ́bà sì bọ́ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi ipá kó ènìyàn tó lé ní 100,000 lọ sí ibi ìwakùsà orí òkè Jos, wọ́n sì ń rọ àwọn ará agbègbè Benin kí wọ́n túbọ̀ máa kọ rọ́bà. Ìyà ńlá ni ìyẹn jẹ́ fún àwọn tí wọ́n kó, ó sì yẹ ká máa rántí wọn ju bí a ti ń ṣe lọ. Ilẹ̀ kan náà ló ń pèsè tánganran àti rọ́bà, síbẹ̀ òkèèrè ni táyà ti ń wá.

Lẹ́yìn òmìnira ni ìyẹn yí padà. Michelin dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Port Harcourt, Dunlop ní Ìkẹjà, àwọn méjèèjì láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot 504 pọ̀ ní Kaduna, tí kò jìnnà sí Jos. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti 504 lọ, nítorí náà bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ni táyà tó ń ṣiṣẹ́ ń di ilẹ̀ mú sí i. Bọ́ọ̀sì J5 ti Peugeot náà yàtọ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á. Bí J5 bá ń gun òkè Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà Akwanga ti ń gòkè wọ Jos, ìwúwo ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á sì máa yí lórí ẹrẹ̀ láìfa nǹkan kan. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi lè fẹ́ kó táyà tó dára jù síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo á dà síwájú, bí táyà ẹ̀yìn bá sì ti jẹ, ìdí ọkọ̀ á yọ̀, á fẹ́ yí padà, ìwọ̀nba awakọ̀ ló sì lè gbà á padà. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe táyà fi ń gbani níyànjú pé ẹ̀yìn ni kí méjì tó dára jù wà, ìbáà ṣe iwájú ló ń fa ọkọ̀. Lójú tèmi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jọra ló yẹ bọ́ọ̀sì tó ń gba òkè yẹn kọjá.

Táyà òtútù fúnra rẹ̀, Fínlándì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Suomen Gummitehdas ti ṣe èyí tó wà fún lọ́rì jáde ní 1934. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó má baà le gbagidi bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 7°C, wọ́n sì la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè di òjò dídì mú. Lórí ọ̀dà gbígbóná, rírọ̀ yẹn di àbùkù: táyà á máa yọ̀ gẹ̀lẹ̀ lábẹ́ ẹrù, á tètè jẹ, ọkọ̀ á sì jìnnà kó tó dúró. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi dáwọ́ dúró, ni tòkunbọ̀ bá gba ọjà. Lákòókò kan náà òfin táyà òtútù ń le sí i ní Yúróòpù, ti Jámánì dé ní 2010. Ní Ọ́stríà, táyà òtútù tí jíjìn ilà ojú rẹ̀ kò tó 4 mìlímítà kò tún jẹ́ táyà òtútù mọ́ lójú òfin, bẹ́ẹ̀ 1.6 péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wa. Wọ́n bọ́ ọ kúrò nígbà tí ilà rẹ̀ ṣì jìn, ó sì di tòkunbọ̀ tí à ń rà. Ẹni tó bá sì ń fi ojú wọn jíjìn ilà ní ìsọ̀ fọkanáísà, òun gan-an ni yóò kà sí ààyò inú òkìtì táyà.

Ẹnìkan lè ní Jos kúkú tutù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òru Jos kì í sábà sún mọ́ 7°C, ọ̀sán rẹ̀ lóṣù Kìíní sì máa ń gbóná ju 25°C lọ. Bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Terminus ní Jos láàárọ̀ sì ti wà nínú ooru Lafia tàbí Makurdi lọ́sàn-án. Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹrẹ̀. Táyà òtútù ń di ẹrẹ̀ mú lóòótọ́, mi ò sì ní bá ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó pòtétò láti oko Bokkos dé ojú títì nìkan jiyàn. Ṣùgbọ́n ilà ńláńlá ojú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Táyà ọkọ̀ ẹrù tí rọ́bà rẹ̀ le, tí wọ́n kọ C mọ́ ìwọ̀n rẹ̀ àti M+S (ẹrẹ̀ àti òjò dídì) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní irú ilà bẹ́ẹ̀ láìsí rírọ̀ náà.

Ó ku ti owó. Táyà tuntun wọ́n, n kò lè dá ẹni tó ra tòkunbọ̀ lẹ́bi nígbà tí rọ́bà Edo àti Delta ṣì ń lọ sókè òkun kó tó padà wá bí táyà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí onítọ̀hún yẹ ẹ̀gbẹ́ táyà wò kó tó sanwó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 3516 ni ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2016. Bí ó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, kó fi í sílẹ̀. Bí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tó ní ẹ̀yà òjò dídì nínú bá wà lára rẹ̀, ìgbà òtútù ni wọ́n sábà máa ń ṣe irú rẹ̀ fún, kò sì yẹ ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ Hawan Kibo pẹ̀lú èrò, bó ti wù kí ilà rẹ̀ jìn tó.