Dírìlì, Ife-Ẹ̀yẹ àti Ara Ọmọ: Ìtàn Eré Ìdárayá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera lọrọ̀. Gbogbo wa ni a máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àkókò kò sì tó, wákàtí eré ìdárayá ni a kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: nítorí ta ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá? Ìtàn ni n óò fi dáhùn rẹ̀, láti ilẹ̀ Àkókó ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà mọ̀ pé ilẹ̀ òkè àti àpáta ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Nupe ń kó Àkókó lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí. Ọmọ tí ń ru omi gun irú òkè bẹ́ẹ̀ kò wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ bí a ti í lo ẹsẹ̀. Iṣẹ́ nìkan sì kọ́. Ìjàkadì wà, òkìtì títa wà, bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran wà, eré òṣùpá sì wà fún tọkùnrin tobìnrin. Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run. Ìgbóná àti ibà pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le koko. Ohun tí mo ń sọ ni pé eré jẹ́ ti gbogbo ọmọ. A kì í yan ẹni tí yóò ṣe é.

Ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó mú ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Láti dí àlàfo yìí, ó mú dírìlì wá. Níbo ni dírìlì ti wá? Nígbà ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1899 sí 1902, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ wọṣẹ́ ológun ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ara wọn kò gbé e. Ìjọba wọn bá gbé ìlànà ìdárayá jáde fún ilé-ẹ̀kọ́ ní 1902, láti inú ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Àwọn olùkọ́ àti oníṣègùn wọn bínú, wọ́n ní ọmọdé kì í ṣe ṣójà kékeré. Wọ́n tún un ṣe ní 1904, wọ́n tún un ṣe ní 1909 lábẹ́ George Newman tí í ṣe oníṣègùn, títí ó fi kan ìwé ìlànà ti 1933, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà náà lò. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà wa ń pariwo kí a nà tàntàn, ohùn ọ̀gágun ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ohùn oníṣègùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn ọ̀gágun ni a gbọ́ jù.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń yan níwájú aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òmìnira, láti 1964, ọjọ́ 27 oṣù náà di Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Ọjọ́ yí padà, yíyan kò yí padà.

Lẹ́yìn dírìlì ni ife-ẹ̀yẹ. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti bẹ̀rẹ̀ sí í du ife Grier nínú eré sísá àti fífò. Ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ so èso rere. Ní 1954, ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna fò ga ju gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì gba wúrà àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú eré ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tí kò ní yọ̀. Ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ ní owó tí a san fún un. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, èyí tí n kò ní dárúkọ, ẹsẹ̀ mi kò yá. Tíṣà wa ní kí n máa pọn omi fún àwọn tí ń sáré. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé garawa lẹ́bàá pápá, n kò sì sáré rí. Kì í ṣe ìkà ni tíṣà náà. Ife ni ó ń wá, èmi kò sì lè gbà á wá fún un.

Ní oṣù Kínní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní 1955. Ohun ńlá ni, èmi náà jẹ nínú oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí èrò ti ń pọ̀ sí i, yàrá ìkàwé ni a ń wá, pápá sì ni ilẹ̀ tí ó ṣófo. Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-Èdè tí a gbé jáde ní 1977 ka ìdárayá àti ìlera mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ọmọ; ìlànà tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, dà á pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí a bá dà pọ̀ mọ́ mìíràn, ìwé ni a sábà máa ń fi kọ́ ọ. Ọmọ lè gba máàkì gidi nínú ìdárayá láìjẹ́ pé ó dìde lórí àga.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ló burú níbẹ̀? Ní 1953, oníṣègùn Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ a jókòó títí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ gidigidi fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Ìwádìí wọn tí ó jáde ní 2019 fi hàn pé 81 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 ní àgbáyé ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ní ọmọ tiwa ń fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó lọ dúró sí oríta ní Ìkàrẹ́ ní òwúrọ̀, kí ó ka iye ọmọ tí ọ̀kadà ń gbé lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò jìnnà sí wa mọ́.

Ìdáhùn tí ìtàn fún mi rèé: dírìlì ń sin ọba, ife-ẹ̀yẹ ń sin orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, eré òṣùpá nìkan ni ó ń sin ọmọ. N kò ní kí a ju ife nù. Mo ní kí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá náà sáré lójoojúmọ́, àti ọmọbìnrin, àti ọmọ tí ara rẹ̀ ní àbùkù, ní ọ̀nà tí agbára rẹ̀ mọ. Bojúbojú kò béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba. Ilẹ̀ ni ó béèrè àti àkókò. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ti pápá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, kí ó má baà jẹ́ pé àwa tí a kọ́ gan-an ni a ó gbé e tà.