Epo Ni Mo Rù: Ìtàn Àwa Onígírísì

Ọmọ ọdún 18 ni mí ní 1976, nígbà tí mo gba iṣẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń là láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí kò dé ibi iṣẹ́ náà rí. "Gírísì!" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá mẹkáníìkì wa, ará Ìjẹ̀bú kan tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí ojú, gbé gọ́ọ̀nù gírísì lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi àkísà lé tòsì. Ó ní, "Àkísà ni kí o kọ́kọ́ lò. Epo ni mo rù, oníyanrìn má ba tèmi jẹ́." Mo rò pé ó kàn ń pòwe ni.

Katapílà agbẹ́lẹ̀ tí mo ń tọ́jú, ọ̀nà méjì ni ara rẹ̀ pín sí. Ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ṣéènì irin wé mọ́. Òkè ni ilé tí ọpúrétọ̀ ń jókòó sí wà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, apá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́rìn ńlá kan tó rí bí òrùka, tí bọ́ọ̀lù irin kún inú rẹ̀, ló so méjèèjì pọ̀. Ọrùn ni àwa ń pè é. Bí ẹ̀rọ bá bu yẹ̀pẹ̀ nínú kòtò tó sì yí láti dà á sínú típà, ọrùn yẹn ló ń gba gbogbo ìwúwo náà sára.

Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ àtijọ́ kò ní irú ọrùn báyìí. William Otis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ṣọ́bìrì tí ooru omi ń gbé ṣiṣẹ́, ní 1839. Ọdún yẹn náà ló kú, ẹni ọdún 26. Orí irin rélùwéè ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń rìn. Apá nìkan ló ń lọ sọ́tùn-ún sósì, kò lè wẹ̀yìn. Ó di 1884 kí ilé iṣẹ́ Whitaker ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe èyí tó lè yípo tán. Síbẹ̀, orí rólà tó hàn síta ni ilé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń yí, eruku ń wọ̀ ọ́, òjò ń pa á. Demag ti Jámánì gbé B504 jáde ní 1954, ẹ̀rọ alágbára òróró tó ń fi ẹsẹ̀ ṣéènì rìn tó sì ń yípo láìdúró. Bí irú wọn ti ń pọ̀ sí i ni òrùka oníbọ́ọ̀lù, tí síìlì ń dáàbò bò lọ́wọ́ eruku àti òjò, ń gba ipò rólà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1906, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Theodore Roosevelt, lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ipa odò Panama, ó jókòó lórí ṣọ́bìrì Bucyrus kan, wọ́n sì yà á ní fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀. A kì í gbọ́ orúkọ ẹni tó bu epo sí ṣọ́bìrì náà kí ààrẹ tó gùn ún. Bẹ́ẹ̀, ipò ni iṣẹ́ yẹn jẹ́ ní Amẹ́ríkà: ọ̀kan ń wa ẹ̀rọ, ìkejì ń bu epo sí i, ẹni tó ń bu epo lónìí sì ni yóò máa wà á lọ́la. Irú ọ̀nà yẹn ni ọpúrétọ̀ tèmi náà gbà dé orí àga.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé epo tí wọ́n fi ń pa irin lára ti fìgbà kan ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ní nǹkan bí 1850, kí epo rọ̀bì tó gbòde, epo pupa, ọ̀rá màlúù àti sódà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pò pọ̀ láti fi kún ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ti ń yí. Èkó àti Àgbádárìgì wà lára èbúté tí epo náà ti ń wọkọ̀ òkun. Ìyá ìyá mi gún ẹyìn ní ẹkù títí ó fi darúgbó; kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irú epo rẹ̀ ti mú ọkọ̀ ojú irin yí ẹsẹ̀ ní ìlú òyìnbó kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901.

Gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ náà ní ìtàn. Láyé Ogun Àgbáyé Kìíní ni irú èyí tí Arthur Gulborg ṣe ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀. Oscar Zerk, ọmọ Austria, ló ṣe nípù kékeré tí ẹnu gọ́ọ̀nù ń bá; 1929 ni ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jáde.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Ọpúrétọ̀ á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọwọ́ tó bá wà lọ́rùn ẹ̀rọ nígbà tó bá yí ti lọ nìyẹn. Màá fi àkísà nu nípù dáadáa, kí iyanrìn má bàa bá gírísì wọlé, màá wá fún gírísì sí i. Lẹ́yìn náà ni ọpúrétọ̀ á gòkè lọ yí ilé náà ní ìdá kan nínú mẹ́rin, á tún pa á, màá tún fún un. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí yóò fi yípo, kí gírísì lè kan gbogbo bọ́ọ̀lù. Bí tuntun bá ti yọ díẹ̀ létí síìlì, ó tó. Àfúnjù a máa ti síìlì jáde. Màá wá fi sípánà tọ́ àwọn bóòtù wò. Abẹ́ ló kù: eyín jíà tó ń yí ilé wà nínú àwo gírísì, a sì gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti wò ó bóyá omi ti wọ̀ ọ́.

Ìdérí yẹn ló kó mi sí wàhálà. Nígbà òjò 1977, katapílà wa ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú àbàtà lẹ́bàá odò Ògùn, omi mù ún dé ọrùn. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn wọn, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ṣí ìdérí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé mo ti ṣí i. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bó bá fẹ́ yí. Nígbà tí a tú u, gírísì inú àwo ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹ̀rún irin ń dán nínú rẹ̀. Kréènì la fi gbé òkè kúrò lórí ìsàlẹ̀ ká tó lè pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, iṣẹ́ sì dúró níbẹ̀.

Ọ̀gá kò jágbe mọ́ mi. Ó bu gírísì náà, ó fi pa àtàǹpàkò àti ìka mi. Ẹ̀rún inú rẹ̀ ń rin mí lọ́wọ́ gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́. Ọ̀gá ní, "Oníyanrìn ti dé."

Ọ̀nà náà ṣí ní 1978. Èmi náà sì di ọ̀gá nígbà tó yá. Lónìí, àwọn katapílà kan ní ẹ̀rọ tó ń fún ọrùn ní gírísì fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé-iṣẹ́ kò sì gba onígírísì mọ́. Ẹ̀rọ náà kì í nu nípù, kì í sì í yẹ abẹ́ wò lẹ́yìn àbàtà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi katapílà yáni gbowó, ẹ gba ẹni tí yóò máa ṣe é, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì máa pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.